Àtàǹpàkò Kẹta

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ Ìmáámù Bùsàírì ti pọ́n kí ó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà èbúté. Ó fa apá agbádá rẹ̀ bò ó, ó sì tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn agbéniwọlé, àwọn tó ń kó ènìyàn kúrò nínú ooru, dúró lábẹ́ agboòrùn funfun, wọ́n sì ti rí i.

"Bàbá, ẹ dúró níbẹ̀," ni obìnrin tó wà nínú wọn wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Ìmáámù na ọwọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ gbogbo ọmọ Èbúté-Aró ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ooru ara ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà: láàárọ̀, funfun ló máa ń wà. Ní báyìí, ó ti pọ́n bí ẹyìn.

"Agogo mẹ́wàá ti kọjá, bàbá. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wà níta mọ́. Ilé ìtura tó sún mọ́ yín jù ni mọ́sálásí. Ẹ padà síbẹ̀."

"Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Adènà ló ránṣẹ́ pè mí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pè."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tó fi bo orí, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, Ìmáámù. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni." Ó ti aṣọ ìnura kan bọ inú korobá omi, ó fún un díẹ̀, ó sì wé e mọ́ Ìmáámù lọ́rùn. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo lè fún yín. Tí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn bá dúdú, gbígbé la ó gbé yín wọlé, ìbáà jẹ́ ẹ̀yin."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi."

Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìmáámù, ṣé bíi ti èṣí náà ni? Ìyá mi wà ní mọ́sálásí yín."

Ìmáámù fa aṣọ tútù náà mọ́ ọrùn. Ó kọjá lọ.

Ilé Adènà wà ní etí omi gan-an, ilé alámọ̀ roboto tí wọ́n fi dígí ṣe ojú fèrèsé rẹ̀ gbogbo. Láti ibẹ̀ ni Adènà ti ń ṣọ́ ooru, omi àti iná ìlú. Ẹ̀rọ tó ń ronú ni, kò ní ara, ohùn nìkan ló ní, Yorùbá tó ń sọ kò sì ní ìlú: kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, kì í ṣe ti Ìlàjẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ilé ẹlòmíràn ló ti wá.

Àwọn obìnrin méjì ti jókòó dè é nínú ilé náà. Ọ̀kan ni Wòlíì Dúródọlá, olórí ìjọ aláṣọ-funfun tó wà ní òkè odò, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó gba ìpè. Èkejì ni Omítọ́lá, Ìyá Ọlọ́sà, tó ń bọ òrìṣà ọ̀sà bí ìyá àti ìyá-ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ ti pé mẹ́ta," ni Adènà wí. "Ẹ káàárọ̀. Bátìrì ìlú kò kún dé ìdajì. Eruku ti bo àwọn pátákó sólà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ooru ọ̀sán òní yóò ju ti èṣí lọ. Iná tó wà nílẹ̀ tó láti tu ilé kan ṣoṣo lára títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá pín in sí mẹ́ta, kò sí ilé tí yóò tutù tó. Kí ẹ mú ọ̀kan nínú ilé ìtura mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mọ́sálásí, ilé ìjọ Wòlíì tàbí Igbó Òjìji."

"Èwo ló tọ́ lójú tìrẹ?" ni Wòlíì bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn mọ̀ ọ́n.

"Igbó Òjìji. Ó gba gbogbo ènìyàn ìlú. Kí a tó tan iná kankan, ibẹ̀ ti tutù ju ìta lọ. Òfin ní kí àtàǹpàkò ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé lórí dígí kí agogo méjìlá tó lù. Tí kò bá pé, ọgbọọgba ni mo gbọ́dọ̀ pín in."

Dígí náà wà lórí tábìlì níwájú wọn, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Láti Ọdún Ikú, ọdún tí ooru pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni òfin ti gbé e lé irú àwọn mẹ́ta báwọ̀nyí lọ́wọ́ ní gbogbo ìlú etí omi. Ní ọdún náà, àwọn ènìyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá kó wọn kúrò nínú ooru, àfi ìgbà tí àlùfáà, wòlíì tàbí olórìṣà wọn bá kan ilẹ̀kùn ni wọ́n tó ṣí i.

Ìyá Ọlọ́sà ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ dígí, apá kan dígí náà sì tàn. Wòlíì tẹ tirẹ̀, apá kejì tàn. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí Ìmáámù.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò gbé e.

"Bùsàírì," ni Ìyá Ọlọ́sà pè é, láìfi Ìmáámù sí i. "Àwọn ọmọ ìjọ Wòlíì ti gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wọ inú igbó láti àárọ̀. Irin ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bọ Ọlọ́sà níbẹ̀, irin ò wọ ibẹ̀ rí. Mo fi aṣọ funfun bò ó, kí Ọlọ́sà má baà rí i." Ó tún àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ mọ́ dígí. "Ó ti rí i. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Kí ló tún kù?"

"Ìyá, kì í ṣe pé mi ò fẹ́."

"Ohun tí o sọ ní èṣí náà nìyẹn."

Wòlíì gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń la ìjà. "Ìmáámù, ẹ tẹ̀ ẹ́ ná. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ̀ lé yín."

"Tí wọn ò bá tẹ̀ lé mi ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, fáànù mọ́sálásí á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò kúrò níbẹ̀, inú ààrò ló jókòó sí yẹn. Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ á kan gbogbo wa, a ó sì tún sin òkú. Ẹ ò mọ Bàbá Àdínnì ni? Ọjọ́ tí wọ́n wé láwàní fún mi, ó mú mi búra níwájú ìjọ pé mi ò ní kó wọn lọ sí igbó olórìṣà láé."

"Igbó olórìṣà wo?" ni Wòlíì wí. "Igi tí a jọ gbìn fún ọdún méjìlélógún? Ìlà àwọn igi kaṣú tó wà lápá ìlà-oòrùn yẹn, ta ló gbìn ín? Kì í ṣe àwọn ọmọ kéwú yín? Gbogbo ọdún Iléyá ni ẹ máa ń bomi rin ín."

"Gbígbìn yàtọ̀ sí jíjókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Wòlíì yíjú sí fèrèsé. Ní ìta, omi ọ̀sà dúró bí dígí, ọkọ̀ kan kò sí lórí rẹ̀.

"Àádọ́rin ìṣẹ́jú ló kù," ni Adènà wí.

Ìmáámù dìde. "Ẹ má gbé ọwọ́ yín kúrò. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ná. Mò ń bọ̀."

"Kí lo fẹ́ sọ fún wọn?" ni Ìyá Ọlọ́sà bèèrè.

"Mi ò tíì mọ̀."

Ènìyàn bí irínwó ló kún mọ́sálásí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn arúgbó wà lórí ẹní ní iwájú, àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Fáànù mẹ́wàá tó wà lókè ń yí, ṣùgbọ́n ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ka apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ògiri ti ń gbóná. Nígbà tí Ìmáámù wọlé, gbogbo ojú yí sí i.

Kò gun orí mínbárì. Ó dúró lórí ilẹ̀ níwájú wọn, ó kí wọn, ó sì sọ ọ́ pátápátá ní ẹ̀ẹ̀kan náà: iná kò tó, ilé kan ni iná lè tù, Igbó Òjìji ni ilé náà, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n kọjá síbẹ̀ nísinsìnyí.

Ariwo sọ. Bàbá Àdínnì ló kọ́kọ́ dìde, Alàájì Sùbérù, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó kọ́ ìdajì mọ́sálásí náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń ṣe bíríkìlà. Kì í so ìlẹ̀kẹ̀ ooru mọ́ ọwọ́, ó ní ó jọ ti ẹlẹ́bọ. Abẹ́ fìlà rẹ̀ ló rán an sí.

"Ìmáámù," ni ó wí, "ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ búra lé lórí níhìn-ín?"

"Mo rántí, Bàbá."

"Ẹ rántí. Ó dáa. Ní èṣí, ooru mú báyìí. Adènà bàjẹ́, iná ò wá, a sì jókòó síhìn-ín. A ò sá lọ síbì kankan. Ọlọ́run mú àwọn tó mú nínú wa, nítorí àkókò wọn ló tó. Rámátù ìyàwó mi wà nínú wọn. Ṣé mo bínú? Mi ò bínú. Inú ilé Ọlọ́run ló kú sí. Kí ló dé tí ẹ wá ń lé wa jáde lónìí?"

Àwọn kan ní "Bẹ́ẹ̀ ni." Àwọn kan dákẹ́. Ìmáámù wo ojú arúgbó náà, ó sì rí i pé òun kò lè gba ibòmíràn kọjá mọ́. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú fún oṣù mẹ́tàlá. Ó ti gbé e lọ sí ibi ìsìnkú, ó ti gbé e lọ sí àdúà ogójì ọjọ́, ó gbé e dé ìdí oúnjẹ, ó gbé e dé orí ibùsùn.

"Ẹ̀yin ará mi," ni ó wí, "Adènà kò bàjẹ́ ní èṣí."

Àwọn arúgbó tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní dìde jókòó.

"Dígí wà níwájú mi gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lónìí. Wòlíì ti tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ọlọ́sà ti tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ká ọwọ́ mi bọ àpò. Àárín oṣù Ramadan la wà, mo sì ń bẹ̀rù pé tí mo bá kó yín lọ sí igbó, ẹ ó bọ́ láwàní lórí mi. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Nítorí náà Adènà pín iná sí mẹ́ta bí òfin ṣe wí. Nígbà tí mo dé, ẹ bi mí, mo ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa. Àwọn méjì yòókù mọ̀, wọ́n dákẹ́ fún mi kí ìlú má baà dàrú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n. "Ènìyàn mọ́kànlá. Ladaní wa, Yékínì. Ọmọ Silífátù tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Àlàájà Rámátù."

Ẹnì kan bú sẹ́kún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ọkùnrin kan láàárín ìjọ pariwo pé kí ó kúrò níwájú àwọn. Àwọn méjì mìíràn dìde, wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n kàn dúró.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo gbà," ni Ìmáámù wí. "Ẹ gba láwàní. Ẹ pè mí lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Lónìí, ẹ dìde, ká lọ. Tí mo bá tẹ dígí yẹn, tí ẹnì kan sì ṣẹ́kù síhìn-ín, èmi ni mo tún pa á."

Bàbá Àdínnì kò tíì jókòó. Ó di òpó mú.

"Ìwọ ni?" ni ó wí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Rámátù bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà." Kò bá Ìmáámù sọ̀rọ̀ mọ́, ó jọ pé òpó ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ó ní àwọn obìnrin ń sọ pé abẹ́ igi tutù. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ síbẹ̀, kí òun kàn lọ jókòó lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní tó bá lọ, kó má padà wá ilé mi." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ó jókòó. Ó ní kò burú."

Ìgbà náà ni Bàbá Àdínnì tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára òpó, ó sì yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ tún ń wò? Ẹ ká ẹní. Ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn arúgbó. Kí gbogbo ènìyàn ti aṣọ bọ omi kí wọ́n tó jáde." Ó tọ́ka sí Ìmáámù. "Ìwọ, máa lọ níwájú mi. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọwọ́ yẹn lórí dígí."

Wọ́n jọ rìn padà sí èbúté, agboòrùn kan lórí àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni arúgbó náà dúró láti mí. Nígbà kejì, Ìmáámù na apá sí i, ó rò pé yóò kọ̀ ọ́. Arúgbó náà dì í mú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n wọlé. Àwọn obìnrin méjèèjì ṣì jókòó bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀, àtàǹpàkò wọn lórí dígí, Wòlíì sì ń fi ọwọ́ kejì nu òógùn kúrò lójú Ìyá Ọlọ́sà. Ìmáámù kò jókòó. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ dígí, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi funfun.

Dígí náà tàn pátá.

"Àtàǹpàkò mẹ́ta pé," ni Adènà wí. "Igbó Òjìji."

Bàbá Àdínnì tẹ̀ síwájú, ó wo dígí, ó wo ọwọ́ Ìmáámù, ó tún wo dígí. "Ó dáa," ni ó wí. Ó wá yíjú sí Ìyá Ọlọ́sà. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé ìlú kan náà, wọn kò kí ara wọn rí ju kí wọ́n mi orí lọ. "Ìyá, ẹ kú ọ̀sán o."

"Ẹ káàbọ̀, Alàájì," ni Ìyá Ọlọ́sà wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹsẹ̀ mi ti kú."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu igbó, ọ̀nà ti kún. Láti mọ́sálásí dé ibẹ̀, igi pàdé lórí ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ní ọdún àkọ́kọ́, kí ọmọdé lè rí òjìji rìn lọ sílé ìwé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń tò lọ pẹ̀lú aṣọ tútù lórí. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àwọn arúgbó sórí ẹní, ọkùnrin mẹ́rin sí ẹní kan. Ìjọ Wòlíì ti ń gba apá kejì wọlé pẹ̀lú ìkòkò omi, aṣọ funfun wọn ti di àwọ̀ eruku. Ní ẹnu ọ̀nà, obìnrin agbéniwọlé náà rí ìyá rẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹní náà. Ó ju agboòrùn sílẹ̀, ó sì bá wọn gbé e.

Àwọn kan nínú ará mọ́sálásí dúró lójijì níbi tí ojúbọ ti hàn láàárín ewé. Ìyá Ọlọ́sà ti na aṣọ ìkélé kan dí i, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún," ni ó ń wí. "Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ wo ibí. Abẹ́ igi kaṣú yín ni ẹ ń lọ. Ẹ gba ọwọ́ ọ̀tún."

Ìgbà náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ilẹ̀, ohùn kékeré bí ológbò tó ń sùn. Omi tutù láti inú kànga jíjìn gba inú ọparun àti páìpù amọ̀ lọ sókè sí orí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dé ilẹ̀. Àwọn ọmọdé na ahọ́n sí i. Ọkùnrin tó pariwo mọ́ Ìmáámù ní mọ́sálásí jókòó lórí gbòǹgbò igi kan, ó gbé ojú sókè, ó sì di ojú rẹ̀.

Náíbì, igbákejì Ìmáámù, ló kírun Jímọ̀ fún wọn. Ìmáámù ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ tò sẹ́yìn láàárín àwọn àpọ́n. Ìwàásù kò gùn. Wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ̀yìn wọn sì wà sí ojúbọ, bó ṣe yẹ kó rí. Lápá kejì, Wòlíì fi ìka lé ètè sí ìjọ rẹ̀, wọ́n sì dákẹ́ títí wọ́n fi parí.

Ní nǹkan bí agogo méjì, ọkùnrin kan ké. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti dúdú. Silífátù ni, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú ní èṣí. Ó tún ti lóyún, oṣù keje. Ojú rẹ̀ ti yí, ara rẹ̀ sì gbẹ. Wòlíì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí Ìmáámù tó dìde. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Omi fífọ́n ò tó fún un. Àfi ká rì í sínú omi."

Odò kékeré kan ṣoṣo ló wà nínú igbó náà, ó sì wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó dí ojúbọ. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Ọlọ́sà kì í fi ẹsẹ̀ kàn án. Ọkọ Silífátù wo Ìmáámù, Ìmáámù wo Ìyá Ọlọ́sà. Arúgbó obìnrin náà ti ń ká aṣọ náà kúrò lọ́nà.

"Ẹ gbé e wá," ni ó wí. "Ẹ yára."

Ọkọ rẹ̀ ṣì dúró. "Ìmáámù, ṣé...?"

"Omi ni," ni Ìmáámù wí. "Omi tí Ọlọ́run dá ni. Gbé e."

Àwọn obìnrin mẹ́fà gbé e wọ inú odò náà, mẹ́ta láti mọ́sálásí, méjì láti ìjọ Wòlíì, Ìyá Ọlọ́sà sì di orí rẹ̀ mú lórí omi. Àwọn ọkùnrin kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìmáámù dúró pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń gbàdúrà láìpariwo. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ohùn Silífátù, ohùn ẹni tí inú ń bí: "Ta ló bọ́ gèlè mi?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ara rẹ̀ ti yá," ni ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. "Ó ń bèèrè gèlè. Ara rẹ̀ ti yá." Wòlíì fi ẹ̀rọ kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gbọ́ àyà, èyí tó máa ń gbé sínú àpò, gbọ́ bí ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní ọmọ náà ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rù kúrò lára wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n pín omi oníyọ̀ àti ṣúgà yí ká, wọ́n pín àgbọn. Àwọn ìyá tó ti ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ wọn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú gbàgbé láti wò ó. Bàbá Àdínnì sùn lórí ẹní, ó ń hanrun, ọmọ ìjọ Wòlíì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù, atẹ́gùn dé láti orí ọ̀sà. Ewé orí igi ló kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo igbó náà mì láti òpin kan dé èkejì, eruku gbéra, òórùn omi iyọ̀ sì wọlé sáàárín wọn. Ẹnì kan ní, "Ó ti dé!" Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ni.

Ohùn Adènà jáde lára òpó tó wà lẹ́nu igbó. "Ooru ti ń lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jáde lè jáde. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìwé ọjọ́ òní. Ẹni mélòó ló kú?"

Wòlíì ti yí gbogbo igbó ká. Ó wo Ìyá Ọlọ́sà, ó wo Ìmáámù. "Kò sí," ni ó wí.

"Òfin ní kí n bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni mélòó ló kú?"

"Kò sí!" Kì í ṣe Wòlíì nìkan ló dáhùn lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo igbó ni, àti ọmọdé àti àgbà, àti àwọn tí kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. "Kò sí o!"

"Mo ti kọ ọ́," ni Adènà wí.

Ìmáámù Bùsàírì dúró lẹ́yìn igi kan, ó fi iwájú orí ti èèpo rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ẹnì kan dúró ti òun. Bàbá Àdínnì ni, ìlà ẹní ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Alásárì ti tó," ni arúgbó náà wí.

"Náíbì wà níbẹ̀, Bàbá."

"Mo rí i. Ohùn ti há a. Ó ti pariwo jù." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà sí ilẹ̀ rírin. "Ọ̀rọ̀ tìrẹ ṣì wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó jókòó lé e lórí, mo sì máa sọ tèmi, kò ní dùn mọ́ ọ. A ó sọ ti èmi àti Rámátù náà. Ṣùgbọ́n ìrun ló kàn báyìí. Ta lo fẹ́ kó dúró síwájú wa, ṣé Adènà ni?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ìmáámù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ bóyá ó yẹ. Arúgbó náà fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn, kò le, bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ọkọ̀ ojú omi sínú ọ̀sà.

Ó bọ́ síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tò, ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, lórí ilẹ̀ tó rin. Ó gbé ọwọ́ sókè dé etí. Ohùn kọ́kọ́ kọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ó jáde.